Ohùn Ìyá Ẹtu Lórí Okùn Alántakùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi rìn wìnnì lórí okùn, ó dá lórí Ẹtu ọmọ Àwẹ̀ró.

Ní àtijọ́, Alántakùn ta okùn yí gbogbo ayé po. Ayélujára ni wọ́n ń pè é. Bí ẹranko kan bá sọ̀rọ̀ nídìí ìrókò, kí ojú tó ṣẹ́, wọ́n ti gbọ́ ọ létí òkun. Ẹnu ya gbogbo wọn! Olúkúlùkù ní yàrá lórí okùn náà, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí i.

Ìyá Ẹtu ti kú. Ohùn tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nìkan ló ṣẹ́kù, inú yàrá tirẹ̀ ni Ẹtu sì tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ló fi ti ilẹ̀kùn? Oríkì ìyá rẹ̀ ni.

Èlírí, eku tó kéré jù nínú eku, fẹ́ jí ohùn náà, nítorí kò sí ẹni tí kò fọkàn tán Ìyá Ẹtu. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, gbì! Kò ṣí. Ó fi eyín gé e, wúruwùru! Kò ṣí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fura pé oríkì ló tì í; ó da omi sójú, ó lọ kí Ẹtu.

“Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù o. Áà, ìyá rere lọ! Àwẹ̀ró, ọmọ a-rìn-lójú-omi…”

Ta ni yóò gbọ́ kí wọ́n ba oríkì ìyá òun jẹ́ tí yóò dákẹ́?

“Rárá o, bàbá, ẹ ti ṣì í kì. Àwẹ̀ró, ọmọ a-tẹ-ewé-gbígbẹ-má-jẹ̀ẹ́-kó-ró ni.”

“Má bínú, ọmọ mi. Orí àgbà ti ń gbàgbé.”

Èlírí fi oríkì náà ṣí yàrá Ẹtu, ó gbé ohùn náà sẹ́nu. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ohùn òkú ti ń dún lórí gbogbo okùn:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dáhùn o,
*Okùn ń mì, okùn ń mì*
Èmi ni ìyá Ẹtu o,
*Okùn ń mì, okùn ń mì*
Ẹ ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí lọ́run,
*Okùn ń mì, okùn ń mì*

Erin kúnlẹ̀. Ẹkùn dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀kùn ń ṣí, gbàgà, gbàgà, gbàgà! Èlírí ń kó oúnjẹ ọmọ wọn lọ. Ẹtu pàápàá gbọ́ ọ; ohùn ìyá rẹ̀ ni, kò yingin. Ó sáré tọ Alántakùn lọ.

“Bàbá, ẹ gbà wá!”

“Ta ló fún olè ní ọ̀rọ̀ náà?”

“Èmi ni.”

Alántakùn mí kanlẹ̀. “Bí mo bá gé okùn yàrá rẹ, olè á já bọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ á bá a lọ, kò sì ní padà mọ́.”

Ẹtu tẹ́tí. Ó gbọ́ orin náà dé ìparí. Ó ní, “Ẹ gé e.”

Fọ́ọ́n! Èlírí já lulẹ̀, pọ̀! Gbogbo ayé pa lọ́lọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ tí mo rí dì bọ̀ níbẹ̀ rèé: oríkì dùn ún kì, kò ṣe é fi tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá bá yín sunkún, ẹ fún un lómi mu; ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí yín.