Ewé Kan Tó Kù ní Ọjà Agbédè

Láyé ìjọ́hun, bí ènìyàn bá ń lọ sí Ọjà Agbédè, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ìsọ̀ àwọn eléwé. Òórùn efinrin tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ni yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà. Lábẹ́ igi odán ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró àti Ọ̀ṣunkẹ́ ti jọ ń tajà fún ogún ọdún, ẹní sí ẹní, bí àwọn ìyá wọn ti ṣe ṣáájú wọn.

Nígbà náà, ẹ mọ̀ pé eléwé kan kì í ta gbogbo ewé tán. Àwẹ̀ró ní efinrin, asùnwọ̀n àti ewé ìbẹ́pẹ. Orúwo, lọ́dọ̀ Ọ̀ṣunkẹ́ nìkan ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ se àgbo ibà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, kí àwọn méjèèjì lè jẹun.

Ibòji ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀ṣunkẹ́ tẹ́ ẹní rẹ̀ wọ ibi tí Àwẹ̀ró máa ń jókòó sí, Àwẹ̀ró sì ní kó sún.

"Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ lo gbin igi odán yìí ni?"

"Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ nìkan ti gba ibòji rẹ̀ tán!"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣunkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyàwó àgbẹ̀ kan, Àsànkẹ́, sáré dé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Ara ọmọ mi gbóná bí ààrò. Ẹ bá mi di ewé ibà, kó pé o."

Àwẹ̀ró wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí Ọ̀ṣunkẹ́ wà, ó gbójú kúrò. Ó di oríṣi mẹ́ta tó ní. "Ó pé, ọmọ mi. Má yà síbi kankan."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àsànkẹ́ dé ilé Àwẹ̀ró. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ìyá, kò jẹ́ o. Ọmọ ò fa ọyàn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì sè? Bóyá ọwọ́ tèmi ni ò dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Kò tilẹ̀ rántí wé gèlè. Ilé Ọ̀ṣunkẹ́ ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀ṣunkẹ́, ewé tí mo tà kò pé, mo sì ní ó pé. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú sí wa lọ́wọ́."

Ọ̀ṣunkẹ́ wọlé. Ó na ọwọ́ sí àjà, ó fa ìdì orúwo yọ. "Dìde jàre. Ìdí mi tó o ní ó tóbi, òun náà ló ń dìde ràn ọ́ lọ́wọ́ yìí."

Wọ́n jọ lọ se àgbo náà fún ọmọ lóru ọjọ́ náà. Kó tó di àárọ̀, òógùn bo ọmọ náà, ó sì wá ọyàn ìyá rẹ̀.

"Ìyá, kí ló wá ṣe àgbo àkọ́kọ́?" Àsànkẹ́ bèèrè.

"Àgbo kò ṣe nǹkan kan," ni Àwẹ̀ró wí. "Ewé kan ló kù, orí ẹní ọ̀rẹ́ mi ló sì wà."

Ọjà yẹn ti fọ́, odán náà ti wó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá sú ènìyàn tó fẹ́ jáwọ́, ohun tí Àwẹ̀ró wí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ṣì fi ń gbà á níyànjú, wọ́n á ní: oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan.