Bí Mojírádé Ṣe Wá Ọ̀lẹ Ilé Búrẹ́dì

Fálúyì, máníjà ilé búrẹ́dì kan ní Ìkirè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun. Ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú Alhaja Ṣàdíátù tó ni ilé iṣẹ́ náà, ó jágbe mọ́ Mojírádé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí òṣìṣẹ́ mẹ́rin: "Dárúkọ ọ̀lẹ kan tá a máa lé nínú wọn kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ lo máa lọ!" Kò sí ọ̀lẹ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mojírádé kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dán gbogbo wa wò. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bọ́ síta fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá jáde tí nǹkan kan kò bàjẹ́, òun lọ̀lẹ." Alhaja ní ó dáa. Fálúyì rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ kò mú "gbogbo wa" yẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ iná jáde, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun jáde, iṣẹ́ dúró gbagidi. Bákan náà ló rí fáwọn méjì yòókù. Mojírádé alára jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ níbi ààrò. Ó wọlé, ó pẹ̀tù sí i, ó wá ní, "Ọ̀gá, ó ku ẹ̀yin." Fálúyì fẹ́ pariwo, Alhaja nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Fálúyì jáde. Búrẹ́dì wú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn òṣìṣẹ́ tilẹ̀ ń kọrin. Alhaja bu búrẹ́dì gbígbóná jẹ, ó yọjú lójú fèrèsé: "Fálúyì, má wulẹ̀ wọlé mọ́. Ibi tó o wà yẹn gan-an lo ti wúlò."