Ayàwòrán Tí Ó Ń Dúró De Ọjọ́ Tó Dára

Ọkùnrin kan wà ní Ìdànrè, iṣẹ́ àwòrán yíyà ló ń ṣe. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ló ń lò. Ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ. Bí ọwọ́ bá ṣì, a lè fi ọ̀bẹ ha á kúrò, kí á tún un yà. Ó ti pẹ́ nídìí ọ̀dà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé gbogbo nǹkan ayé ni yóò máa dúró de òun bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin yìí ló ru kòkó títí ọmọ rẹ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ayàwòrán ti ṣèlérí pé òun yóò yà á. Ìyá a wọ aṣọ òfì rẹ̀, a jókòó sórí àpótí, a ní, "Mo ti dé o, oníṣẹ́ ọnà." Ọmọ a gbójú sókè wo ojú ọ̀run, a ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kùrukùru ti pọ̀ jù lónìí." Bí kò bá jẹ́ kùrukùru, búrọ́ọ̀ṣì tó dára ni kò tíì dé. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ó fẹ́ kí àwòrán ìyá rẹ̀ borí gbogbo èyí tí òun ti yà rí, ìdí nìyí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ó tún gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ní ọjọ́ ogbó ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wà nídìí àwòrán òkè ńlá kan tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Àkúrẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá wọlé, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá Àríkẹ́, ẹ ti jẹun?"

Àríkẹ́ ni àkọ́bí wọn; orúkọ tí ó máa ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ọkùnrin náà sì ti kú tipẹ́.

Ayàwòrán gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ìyá mi, èmi ni. Ọmọ yín ni."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín," ni ìyá wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọge tí ọkọ ń bá ṣeré. Ọmọ rẹ̀ kò rí ẹ̀rín yìí lójú rẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni ó yé e pé ìyá òun ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú òun. Ó wá aṣọ òfìfo tí yóò yà á sí, kò rí. Ó wo òkè tí ó fi oṣù púpọ̀ yà. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha á dànù. Kò fa ilà atọ́nà kankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà. Láti orí ẹ̀rín náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó wá gbé àwòrán kan ilẹ̀kùn. "Ẹ máa lọ," ni ó ké, "n kò ní nǹkan kan fún yín lónìí!"

Ìyá tún béèrè bóyá ó ti jẹun. Ayàwòrán dáhùn bí ẹni pé òun ni bàbá rẹ̀: "Mo ti jẹun, Ìyá Àríkẹ́. O káre." Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú ìyá. Búrọ́ọ̀ṣì kò ya ibi ìpéǹpéjú dáadáa, ó fi ìka yà á. Oòrùn yí, inú ilé ṣú, kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí ó yí àwòrán náà sí ìyá, ojú ti parí, ọwọ́ méjèèjì kò tíì parí. Ìyá wò ó títí.

"Obìnrin yìí láyọ̀ o. Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi."

Kí ọyẹ́ tó dé, ìyá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ inú àwòrán náà kò parí títí dòní, kò sì sí ẹni tó wọ ilé náà tó ń béèrè nípa ọwọ́; ẹ̀rín náà ni wọ́n ń wò.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan wà tí o fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, o ní ó di ìgbà tí o bá rí ọ̀rọ̀ tó dùn sọ. Òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ̀la. Dìde, kí o lọ bá a báyìí, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu.