Ìjàpá Ṣe Alárinà fún Ológbò Méjì

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Kí ni ń bẹ ní àárín ojú, tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í ríran, síbẹ̀ tó mọ ẹni tó jí ẹja jẹ? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbé e pa mọ́ sẹ́nu, ẹ óò bá a pàdé lọ́nà.

Àlọ́ mi ta pọ́ún, kò bà lé igi, kò bà lé ọ̀pẹ, àgbàlá Àwẹ̀ró elélùbọ́ ló bà sí. Ìyá náà ń ti oko wọlé bọ̀ lọ́wọ́, ó gbé agbọ̀n kan tí a fi okùn so lẹ́nu. Nǹkan ń ké nínú agbọ̀n náà.

Ológìnní, ológbò ilé, wà lórí àpò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ibẹ̀ ló ti ń sùn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́. Kí Àwẹ̀ró tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni òórùn ti dé imú rẹ̀. Ológbò ni. Ọmọdé ni. Ó dìde, irun ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì dìde.

"Má wulẹ̀ fẹjú mọ́ mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìwọ lo fà á."

Ó wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí bó ṣe ń tú okùn. Láyé àtijọ́, bí Ológìnní bá wúkọ́ lásán, èkúté á ṣí kúrò ládùúgbò. Nísinsìnyí, eyín iwájú ti ká, èkúté sì ti sọ inú èlùbọ́ di ilé ọmọ. Níjẹta, ọ̀kan mu omi nínú abọ́ Ológìnní fúnra rẹ̀, Ológìnní sì ń wò ó. Ológìnní fẹ́ sọ pé òun kò wò ó lásán, òun ń ronú bí òun yóò ṣe mú un ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dùn létí.

Músù ni orúkọ ọmọ tuntun náà. Àwẹ̀ró kò da àwọn méjèèjì pọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìyá tó bí i ti kọ́ ọ pé a kì í da ológbò méjì sínú yàrá kan bí ẹni da iṣu sínú agbọ̀n. Ó fi Músù sínú ìyẹ̀wù, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní àkísà tí Músù bá sùn lé, a óò máa gbé e fún Ológìnní. Èyí tí Ológìnní bá sùn lé, a óò gbé e fún Músù, kí imú lè kọ́kọ́ mọ imú kí ojú tó mọ ojú. Ní àràárọ̀, a óò fi ẹja gbígbẹ kan síta ilẹ̀kùn, a óò fi ọ̀kan sínú, kí wọ́n máa jẹun nítòsí ara wọn. Oúnjẹ á jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ìjà.

"Ṣùgbọ́n bí mo bá kó gbodo mi wọlé tán tí ẹ ṣì ń jà, ọ̀kan nínú yín yóò padà sí oko." Gbodo ni iṣu tó bẹ́, tó bọ̀, tó sì sá sórí àpáta nítòsí ilé, èyí tí yóò lọ̀ di èlùbọ́. Àwẹ̀ró kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Eyín tó kù lẹ́nu Ológìnní ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà yé Ológìnní yékéyéké. Kò sí ààrò ní oko. Kò sí àpò. Ìrì àti ejò ló wà níbẹ̀.

"Ta ni yóò wá máa gbé ẹja náà?" Ohùn kan ló bèèrè bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Ìjàpá ni, ọkọ Yánníbo, ẹni tí òórùn ẹja máa ń jí kí àkùkọ tó kọ.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Gbodo ń dúró dè é lórí àpáta, bí kò bá sì yí i, yóò bu. Ìjàpá ní òun kò gba owó ọ̀yà kankan, àlàáfíà ni òun fẹ́ràn. Ó ní bí ìyàwó kì í ti í wọlé ọkọ láìsí alárinà, bẹ́ẹ̀ ni ológbò kò gbọdọ̀ wọlé ológbò láìsí alárinà.

"Ìjàpá, ẹja méjì, ẹnu méjì ni o."

"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀."

Bí Ìjàpá ṣe di alárinà nìyẹn. Ní àárọ̀, ó gba ẹja méjì, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì ń kọrin bọ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Mo ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dé,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*
Ẹni tó wà lọ́hùn-ún le,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*
Èékánná rẹ̀ mú bí àdá,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*
Èmi alárinà rèé o,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*

Ó dúró níwájú Ológìnní pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó ní kí n gbé tiyín náà wá."

"O sì gbé e fún un?"

"Ó yọ èékánná sí mi ni."

Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó yọrí sí Músù, ó ní bàbá tó wà níta ti jẹ ẹja méjèèjì, pé ó ní àlejò kì í jẹun ṣáájú onílé. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu wọ́ àkísà síhìn-ín, ó wọ́ ọ sọ́hùn-ún, ó nu ẹnu, ó lọ sílé. Èkọ díẹ̀ tí Àwẹ̀ró ń bù fún wọn nírọ̀lẹ́ nìkan ló ń kàn wọ́n.

Ebi kò tiẹ̀ dun Ológìnní tó ọ̀rọ̀ ìkíni. Nínú ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Ẹni tó bá dé ló ń sọ pé ẹ kú ilé. Ó bi Ìjàpá léèrè bóyá ọmọ náà rán an pé kó kí òun. Ìjàpá mi orí tìkanra-tìkanra, ó ní ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn, pé ọmọ náà ní òun kì í kí ẹni tí kò ní eyín. Àpò tí Ológìnní dùbúlẹ̀ lé di ẹ̀gún lábẹ́ rẹ̀.

Nínú ìyẹ̀wù, Músù náà ń dúró de ìkíni. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbi tí wọ́n bí i sí ni pé onílé ló ń sọ fún àlejò pé kú àbọ̀. Ìjàpá ní òótọ́ ló wí, ṣùgbọ́n bàbá ní ta ló rán an níṣẹ́ tí òun yóò fi máa kí i káàbọ̀.

Ní ọjọ́ kan Àwẹ̀ró ṣí ilẹ̀kùn wò, bóyá ọkàn wọn ti rọ̀. Ológìnní jókòó, ó ń retí ẹ kú ilé. Músù jókòó, ó ń retí kú àbọ̀. Wọ́n wo ara wọn títí. Ìrù ọ̀kan mì. Ìrù èkejì mì. Kí Àwẹ̀ró tó wí pé ó tó, wọ́n ti so mọ́ra wọn, igbá èlùbọ́ ti dojú dé, ìyá náà sì ti funfun dé ìpéǹpéjú.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ̀yin méjì ná?" Ó jókòó sílẹ̀ láàárín èlùbọ́ náà. "N ò ní sùn, n ò ní simi?"

Ìjàpá bá a gbọn aṣọ. Ó ní inú ló ṣì ń bí wọn, pé kí Ìyá fi ẹja kan kún un, ẹja ìpẹ̀. Ó ti sú Àwẹ̀ró. Ó fi kún un.

Báyìí ni ọrùn Ìjàpá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ ọn nínú ìkarahun, tí ojú rẹ̀ ń dán. Lórí àpáta, gbodo ń dín kù. Ó wá ku igun kan péré tí Àwẹ̀ró kò tíì kó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ológìnní sùn lé àkísà Músù. Kò fẹ́ fi imú kàn án, ṣùgbọ́n imú ológbò kì í gba àṣẹ. Ó gbóòórùn koríko oko. Ó gbóòórùn ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí sókè.

Bí ológbò bá jẹun tán, ó máa ń lá ọwọ́, á fi nu ojú, á sì gbé ojú náà lé ibi tó ń sùn. Bí ọmọ yìí bá ń jẹ ẹja méjì láràárọ̀, àkísà rẹ̀ ì bá máa rùn bí agbọ̀n ẹlẹ́ja. Kò sí ẹja níbẹ̀. Ebi ló wà níbẹ̀, irú ebi tó wà lára àkísà tòun náà. Ní igun kan ṣoṣo, níbi tí Ìjàpá máa ń fi ẹnu dì mú, òórùn ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a subú.

Ó lọ dúró nídìí ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọdé.

"N kò kí ọ o," ló wí. "Ìbéèrè ni mo ní."

Músù sún mọ́ ilẹ̀kùn nínú ìyẹ̀wù. "Èmi náà ò kí yín, bàbá. Ẹ bèèrè."

"Ẹja mélòó lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹja wo?"

Ológìnní di ojú. Ó sú u láti èékánná dé etí. "Òpè ni àwa méjèèjì," ló wí.

"Ẹ má kà mí mọ́ ọn, bàbá. Àlejò ni mí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá ń kọrin bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ó ṣí ilẹ̀kùn kó lè pààrọ̀ àkísà. Ológìnní tẹ̀ lé e wọlé wẹ́rẹ́, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Músù wà níwájú. Àwọn ológbò méjèèjì ló dá orin yìí, ẹ gbè é o:

A ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dé,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*
Alárinà, gbẹ́nu wá,
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*
Kí ló ń dán lẹ́nu rẹ?
*Ṣìnkìn ṣìnkìn.*

Ìpẹ́ ẹja ni. Ìjàpá ní òógùn ni, pé iṣẹ́ àlàáfíà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Imú méjì ń sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó fa orí wọlé. Ó fa ọwọ́ wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn méjèèjì gun orí rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan náà láti gbóòórùn ihò ọrùn náà. Ibẹ̀ ni imú kan imú.

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì. Kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè ìkíni. Imú ọmọ náà tutù. Ológìnní mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a létí, nítorí etí náà dọ̀tí, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

Bí Àwẹ̀ró ṣe bá wọn nìyẹn, nígbà tó gbé agbọ̀n gbodo ìkẹyìn wọlé, tó ti ń ro nínú ara rẹ̀ ẹni tí yóò padà sí oko. Ó dúró. Ó rọra sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ta ló parí ìjà yìí?"

"Èmi ni, Ìyá," ni ohùn kan wí láti abẹ́ ìdí ológbò méjì. "Iṣẹ́ alárinà ni."

Àwẹ̀ró gbé e sókè pé kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja ìpẹ̀, tí Ìjàpá pa mọ́ sí pálapàla itan rẹ̀ de Yánníbo, jábọ́ sílẹ̀ pàá. Gbogbo wọn wò ó. Àwẹ̀ró bẹ́ ẹja náà sí méjì, ó fi apá orí fún Ológìnní, ó fi apá ìrù fún Músù. Kò na Ìjàpá. Ó gbé e lé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sí ìta.

Ìdí nìyí tí ológbò méjì kì í fi ẹnu kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé. Imú ni wọ́n máa ń fi kan imú, nígbà kan náà, kí ẹnì kan má baà ṣáájú ẹnì kan. Ìdí nìyí náà tí Ìjàpá fi máa ń fa orí wọlé bí ohunkóhun bá ti gbé imú sún mọ́ ọn. Ibi tí àlọ́ mi fìdí tì nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹja há mi lọ́fun.

Ní ti Ìjàpá, tó fi ìkíni dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé, ó yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ èkejì, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ, kò tiẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀.