Ìmàdò àti Ọjọ́ Mẹ́tàdínlógún Ọyẹ́

Ìyá Akínjọlé, ìyá tó bí bàbá wa, ló kọ́kọ́ pa ààlọ́ yìí fún wa, lọ́dún tí ọyẹ́ mú títí ètè gbogbo wa fi là.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, kò dúró àfi lẹ́sẹ̀ Ìmàdò.

Ní ayé àtijọ́, ara máa ń yún Ìmàdò. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n, á là. Á fi ara họ igi, á fi ara họ òkúta, á họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde.

Odò kan ṣoṣo ni kì í gbẹ lọ́yẹ́. Ọ̀bọ lọ bá Kìnnìún ọba. Ó ní, "Kábíyèsí, ara yíyún Ìmàdò á ràn wá. Ẹni tó bá ń họra, kó má mu nínú odò wa mọ́."

Ìmàdò kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, kì í ràn. Àyà mi lọ́mọ mi ń sùn mọ́, ara rẹ̀ ń dán. Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́tàdínlógún kí n fi wá ìtọ́jú."

Ọba ní, "Ó dáa. Bí o bá họra níwájú mi lọ́jọ́ náà, ìwọ àtọmọ rẹ ẹ ó fi odò sílẹ̀."

Ìmàdò tọ Ìgbín lọ. "Ìyá Ìgbín, awọ yín kì í gbẹ. Ẹ gbà mí."

Ìgbín ní, "Ọmọ mi, kò ní lọ pátápátá, àmọ́ o lè kápá ẹ̀. Wẹ̀. Kí omi tó gbẹ lára rẹ, fi ẹrẹ̀ bò ó. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bó bá yún ọ, má họ ọ́, kọ orin yìí."

Ara ń yún mi o.
*Rọra, ọmọ ẹrẹ̀.*
Mi ò ní họ ọ́ o.
*Rọra, ọmọ ẹrẹ̀.*
Omi ló ṣáájú, ẹrẹ̀ ló tẹ̀ lé e.
*Rọra, ọmọ ẹrẹ̀.*

Ọjọ́ kìíní, ó yún un. Ọjọ́ kejì, ó yún un. Ọjọ́ kẹta, ó rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, awọ rẹ̀ ti jọ̀lọ̀. Ìmàdò ní, "Ó ti tán," ó pa ẹrẹ̀ tì. Ọjọ́ kejìlá, awọ tún là.

Ìgbín ní, "Ṣé mo ní yóò tán ni? Padà sínú ẹrẹ̀."

Ó padà.

Ọjọ́ pé, gbogbo ẹranko pé jọ síwájú ọba létí odò. Ọ̀bọ rí Ìmàdò nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ògiri tó ń rìn."

Ìmàdò dúró nínú oòrùn. Ó yún un léjìká. Ó kọrin, gbogbo ẹranko gbè é. Kò họra.

Ó wá ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo Ọ̀bọ." Ọ̀bọ ti họ orí, ó ti họ ìdí, ọwọ́ rẹ̀ wà ní abíyá. "Ojoojúmọ́ ló ń họra. Ta ló ràn?"

Ọba rẹ́rìn-ín títí. "Ọ̀bọ, ṣé ká fi òfin rẹ mú ọ ni?"

Ọ̀bọ ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká gbàgbé òfin yẹn."

Ìmàdò àtọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mumi. Láti ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ kò gbẹ lára rẹ̀ mọ́.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé àìsàn tí kò lọ, ìtọ́jú tí kì í sinmi ló ń kápá rẹ̀. Ká má sì lé ẹni tí ara ń yún. Ibi tí ààlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí: etí odò, lọ́sàn-án ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ tó pé mẹ́tàdínlógún gééré.