Ohun Tí Adìẹ Ò Bi Ọmọ Rẹ̀

Ẹ gbé etí wá, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!

“Ààlọ̀!”

Ààlọ́ mi já fìrì, ó balẹ̀ sórí Adìẹ àti ọmọ rẹ̀ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọmọ náà ṣe ń sáré ló ń kọrin. Ẹ máa gbè é:

Ìyá, òjìji ń kọjá o!

“Fìrì!”

Sísáré yìí sú Adìẹ, ó tọ Ìgbín oníṣègùn lọ.

“Ṣé ẹ ti bi í, kí ló ń lé e?”

“Èmi, kí n máa bi ọmọdé? Ẹ fún mi lágbo, jàre!”

Ó rọ ọmọ lágbo láàárọ̀, eré dáwọ́ dúró. Ó rọ ọ́ lọ́sàn-án, orin dákẹ́. Ó rọ ọ́ nírọ̀lẹ́, ojú nìkan ló kù tó ń wòkè.

Adìẹ ń yangàn: “Ẹ wá wo ọmọ dáadáa!”

Fìrì! Àwòdì ti gbé e. Kò tilẹ̀ ké.

Ẹ wo adìẹ tó bá ń mumi: á mu díẹ̀, á gbójú sókè. Ohun tí kò bi ọmọ rẹ̀ ló ń bi ojú ọ̀run.