Kámẹ́rà Tó Ń Bá Ẹni Ẹlẹ́ni Bọ́jú

Ọkùnrin kan wà ní Èjìgbò, fọ́tò yíyà niṣẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju okùn kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Ó ra kámẹ́rà ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n ti yọ dígí inú rẹ̀ kúrò kó lè fúyẹ́. Ó ní ojú kámẹ́rà náà ń ríran nínú òkùnkùn bíi ti ológbò, ọpọlọ rẹ̀ sì yá débi pé ó ń mọ ojú ènìyàn kí onítọ̀hún tó dúró dáadáa. Àwọn ará àdúgbò gbà á gbọ́. Lójú tiwọn, ẹni tó ra nǹkan ọ̀wọ́n kì í purọ́.

Ìyá àgbà kan wá ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní Àbíjáǹ láti ìgbà èwe wọn. Àwọn ẹlẹ́tàn ti pe ara wọn ní àbúrò rẹ̀ rí, ẹ̀gbọ́n náà wá ní àfi kí òun rí ilà bàbá àwọn lójú onítọ̀hún nínú fọ́tò kí òun tó wálé.

Fọ́tò jáde. Ojú ìyá ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Ilà mi ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ìyá, ó wo fọ́tò, ó tún wo ìyá. Ilà wà níbí, kò sí lọ́hùn-ún. Ó nu ojú kámẹ́rà, ó yí àga padà, ó tan iná kún iná. Ìyá fúnra rẹ̀ fi èédú tọ ilà náà. Kámẹ́rà fọ èédú dànù tónítóní. Ayafọ́tò wá ń wo ìyá bí ẹni pé ṣe ló ń kó ilà pamọ́ nígbàkígbà tí òun bá fẹ́ yà á.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, ta ló bẹ kámẹ́rà yìí pé kó bá mi bọ́jú?"

Ìgbà yẹn ni ayafọ́tò rántí. Òun náà ni. Lọ́jọ́ tó rà á ló ti pàṣẹ fún ọpọlọ kámẹ́rà náà pé kó máa pa àbàwọ́n ojú rẹ́, torí àwọn ọmọge fẹ́ràn ojú tó jọ̀lọ̀. Ọpọlọ gbọ́ràn. Ilà bàbá ìyá, àbàwọ́n ló kà á sí.

Ó fagi lé àṣẹ náà, ó tún un yà. Ìyá fi ìka tọ ilà inú fọ́tò náà títí. "Ẹ̀gbọ́n mi á wálé báyìí," ló sọ.

Ìwọ tó jókòó tì mí yìí, tó ní ojú òun mú, tó ń rojọ́ pé ohùn ìlú ìyàwó rẹ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́, àbí? Nígbà tí o bá fọ̀ ọ́ tán, tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ta ni kí ìyá náà ní òun ń bá sọ̀rọ̀?